Ìwé Ìfẹ́ Kérésì Tí Àwọn Ọmọ Wa Ń Kà

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, bí oṣù Kọkànlá bá ti ń lọ sópin, ẹjọ́ kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ìyá tó ní ọmọbìnrin nílé, ì báà jẹ́ lẹ́yìn ìsìn, ì báà jẹ́ lọ́dọ̀ onídìrí. Wọ́n á ní ọmọ àwọn kò gbójú kúrò lára fóònù mọ́, ìwé ìfẹ́ ló ń kà, ìwé ìfẹ́ òyìnbó tó dá lórí ọdún Kérésì. Ìyá kan ní òun ti gba fóònù náà. Òmíràn ní òun ti bá tòun wí títí ẹnu fi ń ro òun. Èmi ò gba ti ọmọ mi. Mo ní kó fi èyí tó ń kà lọ́wọ́ ránṣẹ́ sí mi, mo kà á tán, mo tún ka òmíràn lé e. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kò ju ohun tí mo bá pàdé nínú wọn lọ.

Ẹni tó bá ti ka ọ̀kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ka gbogbo wọn. Ọmọbìnrin kan wà ní New York, iṣẹ́ gidi wà lọ́wọ́ rẹ̀, àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ò sì ráyè tirẹ̀. Ni ìpè bá dé láti ìlú kékeré tí wọ́n ti bí i, pé ara ìyá àgbà ò yá, tàbí pé gbèsè fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀. Ó dé ìlú, yìnyín ti bo gbogbo òrùlé, ó sì wọ bàtà onígìgísẹ̀ gíga bọ́ sínú rẹ̀. Ta ló gbá a mú kó má baà ṣubú? Ọkùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó nílà níbùú lóòró ni, tó ń gbin igi Kérésì tà, tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, tó ń dá tọ́ ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́fà. Ẹ ti mọ ìyókù. Wọ́n á jà díẹ̀, wọ́n á jọ yan bisikíìtì, ìjì yìnyín á sé wọn mọ́lé, aáwọ̀ tí gbólóhùn kan péré ì bá ti parí á sì fẹ́ bá gbogbo rẹ̀ jẹ́ nígbà tí ìwé bá kù díẹ̀ kó tán. Bó bá wá di alẹ́ ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kejìlá, gbogbo ìlú á pé jọ, ṣọ́ọ̀bù á bọ́ lọ́wọ́ gbèsè, ọmọ New York ò ní padà síbi tó ti wá mọ́.

Mo rẹ́rìn-ín gan-an. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sòótọ́, ta ni nínú wa tí kò ka irú rẹ̀ rí? Nígbà tí a wà nílé ẹ̀kọ́ girama, ìwé Mills & Boon kan ṣoṣo lè yí gbogbo yàrá ìsùn ká títí èèpo rẹ̀ á fi já, wọ́n á sì fi ìwé ìròyìn dì í kó lè jọ ìwé ìṣirò. Abẹ́ aṣọ ìbora la ti ń fi tọ́ọ̀ṣì kà á. Gerald Mills àti Charles Boon ló dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní London ní 1908, àwọn Harlequin ti ilẹ̀ Kánádà sì rà á ní 1971, nítorí náà ìyá wa pàápàá lè ti kà á kó tó bí wa. Ní 1977 ni Macmillan bẹ̀rẹ̀ sí í gbé Pacesetters jáde fún wa, ìwé tí àwọn ọmọ Áfíríkà kọ. Àwọn tó bá ka Evbu My Love ti Helen Ovbiagele nínú yín á rántí bí a ṣe ń jà sí i. A ka gbogbo ìyẹn, a ṣì lọ́kọ, a ṣì tọ́mọ. Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká máa ṣe bí ẹni pé inú Bíbélì nìkan la ti kọ́ ìwé kíkà.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ibi tí Kérésì inú àwọn ìwé yìí ti wá, torí ọmọ mi gbà pé bẹ́ẹ̀ ni Kérésì ṣe rí láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ní ilẹ̀ òyìnbó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ti ọwọ́ òǹkọ̀wé wá, èyí tó sì ṣe púpọ̀ jù níbẹ̀ ni Charles Dickens. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi kọ A Christmas Carol. Ìwé náà jáde ní ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá ọdún 1843, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà rẹ̀ sì ti tà tán kó tó di ọjọ́ Kérésì. Inú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti kọ́ bí ó ṣe yẹ kí tábìlì ọdún rí: ilé tálákà kan, bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́fà, ẹyẹ ńlá kan tó jọ pẹ́pẹ́yẹ lórí àwo, àwọn ọmọ tí wọ́n ki ṣíbí bọ ẹnu kí wọ́n má baà kígbe oúnjẹ kó tó kàn wọ́n.

Ẹ wo ẹni tó kọ ọ́. Ní 1824, nígbà tó pé ọmọ ọdún méjìlá, wọ́n ti bàbá rẹ̀ mọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Marshalsea ní London nítorí gbèsè. Ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ kéékèèké kó lọ bá bàbá nínú ẹ̀wọ̀n náà, òun sì ń dá gbé lọ́dọ̀ àwọn tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan létí odò Thames, níbi tó ti ń lẹ bébà mọ́ ìkòkò póólíìṣì bàtà látàárọ̀ dalẹ́. Ọjọ́ Sunday ló ń rí àwọn òbí rẹ̀. Ọmọ yẹn ló dàgbà tó kọ tábìlì ọdún tí gbogbo ayé ń fi ṣe àwòkọ. Lójú tèmi, ẹni tí ebi ò pa rí kò lè kọ nípa oúnjẹ báyẹn, ẹni tí wọn ò sì tú ilé rẹ̀ ká lọ́mọdé kò lè fẹ́ràn ilé tó pé jọ tó bẹ́ẹ̀. Yìnyín inú rẹ̀ pàápàá ní ìdí. Àwọn ọdún tí Dickens fi wà ní kékeré tutù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ju bó ti sábà máa ń tutù lọ. Ó gbé yìnyín ìgbà èwe rẹ̀ sínú ìwé, ìwé gbé e fún káàdì ọdún, káàdì gbé e fún fíìmù. Ọmọ tó jókòó sínú ooru Ìbàdàn ló wá ń bi mí lónìí pé kí ló dé tí Kérésì tiwa ò fi ní yìnyín.

Ìdáhùn mi rèé. Ní 1842, nǹkan bí ọdún kan kí ìwé Dickens tó jáde, Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì àti Henry Townsend ti ìjọ Áńgílíkà jọ ṣe Kérésì ní Àgbádárìgì, èyí tí ìtàn ìjọ kà sí àkọ́kọ́ lórílẹ̀-èdè yìí. Igi Àgíyà tí wọ́n ti wàásù lábẹ́ rẹ̀ wà lórí ìdúró títí di 1959 kó tó wó. Ẹgbẹ́ ni Kérésì wa àti Kérésì inú ìwé yẹn. Kò sí èyí tó bí èkejì. Mo fẹ́ kí ọmọ mi mọ èyí kó tó dàgbà, kó má baà máa rò pé ayédèrú ni ìrẹsì àti adìyẹ àti ọyẹ́ tó ń bẹ́ wa létè, pé èyí tó ní yìnyín ni ojúlówó.

Ìlú kékeré inú ìwé náà ńkọ́? Àwọn kan wà tí ìlú gidi wà lẹ́yìn wọn. Debbie Macomber, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má fi ọdún kan lọ láìkọ ìwé Kérésì, gbé ìlú Cedar Cove rẹ̀ ka Port Orchard ní ìpínlẹ̀ Washington, níbi tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé. Ní 2009, àwọn ará Port Orchard ṣe àjọ̀dún kan tí wọ́n fi orúkọ ìlú inú ìwé náà pè, àwọn òǹkàwé sì rọ́ wá síbẹ̀. Ti fíìmù yàtọ̀. Àwọn Hallmark tí wọ́n ń ṣe fíìmù irú èyí ti ń ta káàdì ìkíni ní Kansas City láti 1910. Nígbà tó di 2009 ni wọ́n ya ìparí ọdún sọ́tọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n wọn fún fíìmù Kérésì, ní 2019 nìkan wọ́n gbé tuntun ogójì jáde. Kánádà ni wọ́n ti ń ya ọ̀pọ̀ nínú wọn, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ wọn, nínú oòrùn. Ayédèrú yìnyín ni wọ́n ń fọ́n sílẹ̀, òṣèré wọ kóòtù nípọn, òógùn ń ṣàn lẹ́yìn rẹ̀. Mo sọ èyí fún ọmọ mi, mo rò pé yóò já a kulẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ń wò ó lọ.

Ẹ̀rù tó kọ́kọ́ bà mí nígbà tí mo ń ka ìwé tí ọmọ mi fi ránṣẹ́, mo mọ̀ pé òun ló ń bà yín. Ọmọbìnrin pàdé ọkùnrin, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá ó ti gbà láti fẹ́ ẹ. Ọjọ́ mẹ́wàá! Ẹni tó fẹ́ ra àgbò Iléyá a ṣì máa yẹ eyín rẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kà á lọ ni nǹkan kan ń hàn sí mi. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá yẹn, ta ni gbogbo àwọn tí ọmọbìnrin náà bá pàdé? Ìyá oníbúrẹ́dì sọ fún un pé nígbà tí ọkọ òun kú, ọkùnrin yìí ló ń la igi ìdáná fún òun títí òtútù fi lọ. Ẹni tó ń pín lẹ́tà sọ bó ṣe ń tọ́ ọmọ rẹ̀. Pásítọ̀ sọ tiẹ̀. Ìyá àgbà tí ara rẹ̀ ò yá ló kọ́ ọkùnrin náà ní ìwé nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó mọ ìgbà tó jí píńsùrù àti ìgbà tó dá a padà. Kí àwọn méjèèjì tó fẹnu kora, gbogbo ìlú ti jẹ́rìí sí i. Àfẹ́sọ́nà ti New York ńkọ́? Kò sẹ́ni tó mọ ìyá rẹ̀ nínú ìwé náà.

Ẹ̀yin ará, ìwádìí nìyẹn! Ìwádìí tí àwọn bàbá wa ń ṣe gan-an ni, ìwé òyìnbó gbé e pamọ́ sínú ìtàn ìfẹ́. Nígbà tí ẹbí ọkọ bá wá tọrọ ọmọ lọ́wọ́ wa, ẹnu kì í yá wa láti dáhùn. Wọ́n á ní ká lọ sinmi ná. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn àgbà á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn: irú àìsàn wo ló ń ṣe wọ́n nínú ẹbí yẹn, ṣé wọn kì í lu ìyàwó, ṣé wọn kì í fọwọ́ lẹ́ran, ta ni wọ́n jẹ lówó, báwo ni wọ́n ṣe tọ́jú àgbàlagbà wọn tó kú kẹ́yìn. Alárinà á máa lọ, á máa bọ̀. Ojú ọ̀nà oko, ìsọ̀ ọjà àti ẹ̀yìnkùlé àna ni wọ́n ti ń béèrè, kì í ṣe lọ́wọ́ ọkùnrin náà fúnra rẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tí yóò pe ara rẹ̀ ní olè.

Lóde òní, orí fóònù ni wọ́n ti ń pàdé, Èkó ni wọ́n jọ ń gbé, kò sẹ́ni tó mọ ilé tí ọmọ ti jáde. Ta la fẹ́ bi? Ìgbà kan péré ló kù lọ́dún tí gbogbo ẹni tó yẹ ká bi máa ń pé síbì kan, ìgbà Kérésì sì ni, lọ́dọ̀ àwa tí ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìyá àgbà mi, nílùú wa ní Èkìtì. Mo wà ní kékeré nígbà náà, èmi ni mo máa ń gbé láńtà tẹ̀ lé e. Àbúrò ìyá mi tó kéré jù ń múra àtilọ́kọ. Ní Kérésì ọdún kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé mọ́tò dé láti Èkó, ó wọ ìgò ojú dúdú wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó jókòó síwájú, nígbà tí wọ́n sì dé ibi ìdúpẹ́, owó tó ná níbẹ̀ mú kí ẹgbẹ́ akọrin tún orin kọ lẹ́ẹ̀mejì. Àǹtí mi ò gbọ́ ìwàásù kankan mọ́ lọ́jọ́ náà. Ọkùnrin náà kí i níta, ó sì bèèrè ilé wa. Ìyá àgbà ò sọ nǹkan kan. Ó kàn bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, "Ọmọ ta nìyẹn?"

Lọ́jọ́ kejì, ó bu ìrẹsì sínú abọ́ tánganran, ó fi ọmọrí bò ó, ó so ó mọ́ inú aṣọ, ó ní kí n gbé láńtà. Ó di agbo ilé àwọn ọkùnrin náà. Wọ́n ní bàbá àti ọmọ ti jáde lọ kí èèyàn. Ìyá àgbà ní kò burú, òun fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n bàbá wọn obìnrin, ìyá arúgbó tí kò lè rìn mọ́. Yàrá ẹ̀yìn ló wà. Inú òkùnkùn la bá a. Ó dùn mọ́ ọn nínú pé a wá. Àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ títí, nípa oko, nípa àwọn tó ti kú, nípa eékún. Kí a tó lọ, ìyá àgbà gbé fìtílà tó wà lórí àpótí, ó mì í létí, ó sì rọra gbé e padà. Ó ní kí n fi láńtà wa sílẹ̀ fún wọn. Òkùnkùn la rìn délé.

Àǹtí mi ń dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá àgbà tú aṣọ orí rẹ̀, ó jókòó, ó ní, "Kò sí kẹrosíìnì nínú fìtílà ìyá yẹn." Kò fi nǹkan kan kún un. Àǹtí mi sunkún wọ ọdún tuntun. Nígbà tí ẹbí ọkùnrin náà wá, wọ́n bá wọn sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ọ̀rọ̀ náà ò sì lọ síwájú. Ẹlòmíràn ni àǹtí mi fẹ́ ní ìgbẹ̀yìn, ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ akọrin tó kọ orin lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ náà. Bóyá onímọ́tò wá di ọkọ rere fún ẹlòmíràn ńkọ́? Ó ṣeé ṣe. Èèyàn lè gbàgbé kẹrosíìnì lọ́jọ́ kan kó má sì jẹ́ èèyàn burúkú. Àǹtí mi fúnra rẹ̀ ṣì máa ń sọ ọ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín pé ìyá òun fi fìtílà gba mọ́tò lọ́wọ́ òun.

Mo sọ ìtàn yìí fún ọmọ mi nígbà tí mo ka ìwé rẹ̀ tán. Mo ní, nínú èyí tó o máa kà tẹ̀ lé e, ka àwọn ẹlẹ́rìí: mélòó nínú ará ìlú ló sọ ìwà ọkùnrin náà fún ọmọbìnrin yẹn, kí ni wọ́n sì sọ? Ó rò pé eré ni. Láìpẹ́ ó wá bá mi nílé ìdáná, ó ní, "Mọ́mì, ti inú èyí ò ní ẹlẹ́rìí kankan o, ajá rẹ̀ nìkan ló fẹ́ràn rẹ̀." Mo ní kó máa ṣọ́ ọkùnrin yẹn dáadáa.

Àmọ́ o, ìlú inú ìwé kì í purọ́, ibẹ̀ ni mo ti bá ìwé náà jiyàn. Ìlú tiwa máa ń purọ́. Ìwádìí ti ba ìgbéyàwó tó dára jẹ́ rí, nítorí pé ẹnì kan tó ń bínú sí bàbá fi ọ̀rọ̀ sí ọmọ lára, tàbí nítorí pé ẹbí kan jà lórí ilẹ̀ ní ogójì ọdún sẹ́yìn. Nínú ìwé náà, kò sí ẹni tí kì í bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tó ń fọ abọ́ lẹ́yìn àpèjẹ. Ṣé ẹ ti rí i rí? Gbogbo ìlú jẹun, wọ́n kọrin, wọ́n dì mọ́ra, àwo ò sì dọ̀tí. Ọmọbìnrin tó bá mọ̀ pé ó ní láti fọ abọ́ nílé ọkọ tó ní yìnyín, tàbí kí òun àti ọkọ jọ fọ̀ ọ́, ti mọ ohun kan tí òǹkọ̀wé náà ò kọ. Kò sì ní burú kó béèrè ìdí tí ó fi jẹ́ pé obìnrin ló ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà gbogbo, tí olóko igi Kérésì kì í kó lọ sí New York. Tèmi béèrè. Inú mi dùn sí ìbéèrè náà ju gbogbo èsì ìdánwò rẹ̀ lọ, mi ò ní parọ́ fún yín.

Nípa ọ̀rọ̀ yàrá, kí n sọ ọ́ kíá kí n kọjá: gbogbo ìwé wọ̀nyí kò rí bákan náà. Àwọn ìwé Kérésì ti Macomber, ọmọ lè kà á kí ìyá rẹ̀ má sì yí ojú. Àwọn ti Robyn Carr, ẹni tó kọ Virgin River, a máa wọ inú yàrá, kì í sì í ti ilẹ̀kùn. Èèpo ìwé ò lè fi èyí hàn yín, torí àwòrán yìnyín àti iná wẹ́wẹ́ náà ló wà lára gbogbo wọn. Ẹ kọ́kọ́ kà á. Kò gba ju ọjọ́ méjì lọ, àwa tí a ti ń fi tọ́ọ̀ṣì kàwé.

Ìwé Kérésì kan tí mo fẹ́ràn jù, kò sí ìfẹ́ ọkùnrin àti obìnrin nínú rẹ̀. Laura Ingalls Wilder ló kọ ọ́, Little House on the Prairie, tó jáde ní 1935. Ìyá àgbà tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún ni nígbà náà, ó ń rántí ìgbà tí òun kéré, tí òun àti ẹbí òun ń gbé lórí pápá koríko kan ní Kansas, tí odò kún ní Kérésì tí wọ́n sì gbà pé kò sẹ́ni tó lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Aládùúgbò wọn kan, Ọ̀gbẹ́ni Edwards, di aṣọ rẹ̀ lé orí, ó lúwẹ̀ẹ́ gba inú omi tútù yẹn kọjá, ó gbé ẹ̀bùn dé fún àwọn ọmọbìnrin méjèèjì: ife páànù kọ̀ọ̀kan, súìtì gígùn kọ̀ọ̀kan, kéèkì kékeré kọ̀ọ̀kan, àti pẹ́ní kọ̀ọ̀kan. Ó tún gbé ọ̀dùnkún wá fún àwọn òbí wọn. Tẹ́lẹ̀, ife kan ni àwọn ọmọ náà ń jọ mu. Nígbà tí ìyá àgbà yẹn jókòó kọ̀wé, ó rántí bí òun ṣe lá súìtì tòun wò lẹ́ẹ̀kan péré láìfẹ́ kó tán, ó sì rántí bí Edwards ṣe ń gbọ̀n nídìí iná.

Mo bi àwọn ọmọ mi léèrè Kérésì tí wọ́n rántí jù. Ọmọbìnrin ní ti ọdún tí télọ̀ já wa kulẹ̀, tí ìyá àgbà rẹ̀ fi ọwọ́ rán etí aṣọ rẹ̀ mọ́jú. Ọmọkùnrin ò tiẹ̀ ronú, ó ní ọjọ́ tí adìyẹ já. Mo ti gbàgbé! Ọjọ́ kẹrìnlélógún ni, omi gbígbóná ti wà nílẹ̀, ọ̀bẹ ti mú, adìyẹ bá já okùn, ó fò lé ọgbà. Gbogbo àwọn ọmọ àdúgbò ló lé e, àwọn tó ń ta bángà níta fi ọjà sílẹ̀, Alhaji tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló sì mú un níkẹyìn, nínú jàlàbíà funfun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ó gbé e wọlé fún wa pẹ̀lú erùpẹ̀ láti àyà dé ẹsẹ̀, ó ní òun fẹ́ itan rẹ̀ kan. Itan méjèèjì ni mo gbé fún un, lórí ìrẹsì, nítorí ẹran Iléyá tiwọn kì í fo ilé wa. Lọ́dún yẹn kan náà, mo ra kẹ̀kẹ́ fún ọmọkùnrin yìí. Mo dárúkọ rẹ̀ fún un. Ó wò mí, ó ní, "Ṣé ọdún yẹn ni?"

Lọ́dún yìí, èmi àti ọmọbìnrin mi ti bẹ̀rẹ̀ A Christmas Carol ti Dickens gan-an. Orí márùn-ún ló ní, a sì ń kà á sókè lálẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ. Mo fẹ́ kó rí i pé ìtàn ìfẹ́ wà nínú rẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé: Scrooge, ahun tí ìtàn náà dá lé lórí, ní àfẹ́sọ́nà rí, Belle lorúkọ rẹ̀, òun ló sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún un pé òun dá a sílẹ̀, nítorí owó ti gba ipò òun lọ́kàn rẹ̀. Kò pariwo. Kò sí ìjì yìnyín tó sé wọn mọ́lé kí wọ́n lè parí ìjà. A ka ibẹ̀ tán, ọmọ náà dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Ṣùgbọ́n Mọ́mì, ṣé ọkùnrin yẹn ò ní ẹ̀gbọ́n tàbí ìyá tó lè bá a sọ̀rọ̀ nígbà náà ni?" Mo ní ó ní àbúrò obìnrin kan, Fan, èyí tó wá mú un kúrò nílé ẹ̀kọ́ lọ́dún kan, àmọ́ Fan ti kú. Ó ní Belle ì bá wá ẹlòmíràn rán sí i. Mo ní Belle ti ṣe tirẹ̀. Ó ní rárá o, ìyá àgbà tiwa ì bá ti rán èèyàn. A ń bá a lọ báyìí nígbà tí bàbá wọn, tó ní òun ò gbọ́ wa, tó fi ìwé ìròyìn bo ojú látìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀, wá sọ̀rọ̀ láti ìdí ìwé ìròyìn rẹ̀ pé ká fi àríyànjiyàn sílẹ̀, orí mẹ́ta ṣì kù, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ sọ fún òun bóyá ọkùnrin yẹn yí padà.